Lẹ́yìn ìjàmbá ní Àmùwó-Ọ̀dọ̀fin: a rí owó ilé ìwòsàn kó jọ, owó àtibẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tó ń gbé ní Festac, Agboju, Satellite Town àti Mile 2, bóyá ni ẹnìkan wà nínú yín tí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí kò tíì wọ fóònù rẹ̀ rí. Fọ́tò ẹnìkan lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, nọ́ńbà àkáǹtì lábẹ́ rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kan: "Ẹ ṣàánú wa, dókítà ní ká san owó kí ilẹ̀ tó ṣú." Ẹgbẹ́ onílé á dá sí i, ṣọ́ọ̀ṣì á dá sí i, mọ́ṣáláṣí á dá sí i, àwọn ará ọjà á gbé ike kiri ìsọ̀. Kí ọjọ́ mélòó kan tó pé, owó iṣẹ́ abẹ ti jáde. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àánú ṣì wà lójú wa ní àdúgbò yìí.

Oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún ni ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú. Ẹni yẹn ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ kan ti lọ, tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ò jẹ́ kó lè dìde mọ́. Ìsọ̀ ti wà ní títì láti ọjọ́ náà, owó òwò ti bá oògùn lọ, owó iléèwé àwọn ọmọ sì ti délẹ̀. Kò sí fọ́tò tuntun tó lè mú ẹnikẹ́ni sunkún mọ́. Bó bá tún fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, àwọn èèyàn á ní, "Ṣé a ò ti dá owó fún ẹni yìí ni?"

Ohun tá a fẹ́ sọ lónìí ò ju pé owó ìwòsàn yàtọ̀, owó àtibẹ̀rẹ̀ yàtọ̀. Bá a bá kó méjèèjì pọ̀ sínú àkáǹtì kan, ti àkọ́kọ́ á jẹ ti èkejì tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ẹbí tó na ọwọ́ sí aráàlú, owó kan wà tí òfin sọ pé ẹlòmíì ló jẹ ẹ́, tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè.

Àmùwó-Ọ̀dọ̀fin ti rí irú èyí rí, ní ńlá. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ ní Abúlé-Àdó, nítòsí Festac. Àwọn tó kú lé ní 20, ọ̀pọ̀ fara pa, ilé wó lulẹ̀, Bethlehem Girls College bàjẹ́, ọ̀gá iléèwé náà, Rev. Sister Henrietta Alokha, sì kú níbi tó ti ń dóòlà ẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu kéde àpò ìrànlọ́wọ́ ₦2 bílíọ̀nù, ìjọba Èkó fi ₦250 mílíọ̀nù ṣí i, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igbákejì gómìnà, Obafemi Hamzat, láti ka àdánù. Ẹ wá wo ọjọ́ náà dáadáa. Ọjọ́ 30 oṣù yẹn gan-an ni wọ́n ti Èkó pa nítorí àrùn Kòrónà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ibi tí gbogbo ayé kọjú sí ti yí padà, àwọn olówó ti ń dá owó Kòrónà. A ò sọ pé wọ́n ṣe burúkú. Bí àánú ọmọ èèyàn ṣe rí nìyẹn, kì í pẹ́ lójú kan. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú ètò yẹn tí ẹbí kékeré náà lè lò: wọ́n dárúkọ iye tí wọ́n ń wá, wọ́n sì yan àwọn tí yóò ka ohun tó bàjẹ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná.

Kí ni àtibẹ̀rẹ̀ ń náni gan-an? Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Agboju ṣe àpẹẹrẹ, àpẹẹrẹ lásán ni o. Bí tírélà bá gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà Badagry, owó tí yóò fi ra ọjà tuntun nìkan kọ́ ló ń wá. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wà níbẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí à ń rà lẹ́ẹ̀kan láyé. Ó ń gbó, ibi tó ti wọ ara sì ń fẹ́ àtúnṣe bí ara bá ti ń rù tàbí tó ń sanra. Ọ̀rọ̀ ilé náà wà níbẹ̀. Àwọn ilé alájà tí wọ́n kọ́ sí Festac nítorí àjọ̀dún 1977, àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń gun ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń gbé lókè téńté, tó wá di ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, ti di ẹlẹ́wọ̀n nínú yàrá rẹ̀ nìyẹn, àfi tó bá rí ìsàlẹ̀ háyà. Ọkọ̀ ńkọ́? Dánfó kì í dúró de ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, Márúwá tí yóò dá gbé e ló kù, ẹ sì mọ iye tíyẹn ń jẹ. Ẹni tí yóò máa bá a gbé ẹrù náà fẹ́ jẹun. Ẹ ò lè rí ìkankan nínú ìwọ̀nyí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù.

Ó yá, owó tí òfin sọ. Ọkọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ wà lójú títì Nàìjíríà láìní inṣọ́ránsì tí wọ́n ń pè ní third party. Òfin ọdún 2003 ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2025. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ₦15,000 lọ́dún ni ti ọkọ̀ ara ẹni, ₦5,000 ni ti Márúwá, ₦3,000 ni ti ọ̀kadà, ₦100,000 sì ni ti tírélà akẹ́rù. Ọ̀pọ̀ wa rò pé nítorí ọlọ́pàá la ṣe ń gba ìwé yẹn. Rárá o. Nítorí ẹni tí ọkọ̀ náà bá gbá ni: ikú rẹ̀, ọgbẹ́ ara rẹ̀, dúkìá rẹ̀.

Ibi tí owó yìí ti máa ń sọnù ni ojú títì níbẹ̀. Awakọ̀ á dọ̀bálẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á dé, á ní àwọn máa tọ́jú aláìsàn, ẹ ṣáà má jẹ́ kó dé àgọ́ ọlọ́pàá, ọmọ ẹnìkan ni awakọ̀ náà. Ẹbí tó ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń dà á gbà. Wọ́n á san owó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á san lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà fóònù ò ní wọlé mọ́. Nígbà yẹn, kò sí ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kò sí nọ́ńbà ọkọ̀, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì. Ta ni lọ́yà fẹ́ kọ lẹ́tà sí?

Kì í ṣe pé kí ẹ kọ ìtọ́jú tí wọ́n bá fi lọ̀ yín. Ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan nínú ẹbí, èyí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀, kó fi ẹjọ́ sun ní àgọ́ ọlọ́pàá, kó sì gba ẹ̀dà ìwé. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tó ní ọ̀rọ̀ ti parí láìjẹ́ pé lọ́yà rí i. Ìjọba Èkó ní Office of the Public Defender tí kì í gba owó lọ́wọ́ aláìní. Lóòótọ́, bí ọkọ̀ bá sá lọ, tàbí tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ayédèrú, ọ̀nà yìí le gan-an, ọwọ́ aráàlú ló sì máa ń kù.

Ẹni tó ń gba owó oṣù ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ fún àjọ NSITF. Ẹni tí ìjàmbá bá sọ di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ pátápátá lè máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ìjàmbá tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láti ilé sí ibiṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 ni òfin fún òṣìṣẹ́ láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti sọ fún NSITF, ìwé ìbéèrè owó sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, ní Trade Fair, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín bóyá ó ń san án. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ìjàmbá ṣẹlẹ̀, ó ti pẹ́.

Ní ti owó tí aráàlú ń dá, ìfura ló ń pa á. Ní ọdún 2016, ariwo ńlá sọ lórí owó tí wọ́n dá fún ọ̀dọ́bìnrin kan tí jẹjẹrẹ ń bá jà. Àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ayédèrú ni, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kò sì pẹ́ tí ọmọbìnrin náà fi kú. Àìsàn rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ohun tó ń dín irú ìfura bẹ́ẹ̀ kù ò le: kí owó ìwòsàn lọ tààrà sí àkáǹtì ilé ìwòsàn, kí owó àtibẹ̀rẹ̀ wà ní àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ń fọwọ́ sí, kí ọ̀kan nínú wọn má ṣe jẹ́ ẹbí. Ẹ̀yin ará wa ní London àti Houston tẹ́ ẹ̀ ń ṣí GoFundMe, ẹ rántí pé kì í san owó sí báńkì Nàìjíríà; orúkọ ẹnìkan lọ́hùn-ún ni yóò gbà á, torí náà ẹ sọ ọ́ síta láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹni náà àti bí owó ṣe máa délé.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Òfin Èkó ti ọdún 2011 tó dá LASODA sílẹ̀ ní àpò owó fún àwọn àkàndá ẹ̀dá nínú. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kínní 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní 2024. Ẹ wo báńkì tó sún mọ́ yín jù, ẹ wo ọjà yín.

Ohun kan kù tó ń bí wa nínú díẹ̀. Nígbà tí owó bá ti jọ tán, ìgbìmọ̀ á jókòó, wọ́n á ra POS tàbí fìríìjì omi tútù fún ẹni náà, láìbi í léèrè. Ẹni tó ti ń ránṣọ fún ogún ọdún kò gbàgbé iṣẹ́ nítorí pé ẹsẹ̀ kan lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ni kò lè tẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mọ́tò kékeré wà tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀rọ náà tó ń lo iná. Owó mọ́tò yẹn, owó ìsọ̀ kan nísàlẹ̀, àti owó aṣọ àkọ́kọ́: ìyẹn gan-an ló yẹ kó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́, pẹ̀lú iye rẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí fọ́tò orí bẹ́ẹ̀dì bá jáde.