Owó Oṣù Kì í Ṣe Owó Ọbẹ̀

Ẹ rìn yí Peckham ní London ká lónìí, kí ẹ bi àwọn ènìyàn wa tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ léèrè: ta ló ń bá yín ṣírò owó? Ta ló ń dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp lálẹ́? Ta ló ń gé fídíò tí ẹ fi ń polówó ọjà? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa dárúkọ ẹnì kan tó wà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ìkòròdú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Manchester àti Houston. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó wà lókè òkun kì í gbà ju ẹni tó máa bá a ṣọ́ ilẹ̀ tàbí tó máa dúró ti bíríkìlà lọ. Ní báyìí, dátà àti kọ̀ǹpútà ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ ilé di òṣìṣẹ́ fún ọ̀gá tí wọn ò fojú rí rí.

Bí a ṣe ń sanwó fún wọn ni kò dùn mọ́ mi nínú. Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, ọ̀gá á ṣí áàpù orí fóònù rẹ̀, á fi ti Màmá ránṣẹ́, á fi owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́, á wá fi ti òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e. Bí oṣù yẹn bá le, á dín ti gbogbo wọn kù. Màmá á ní kò burú, Ọlọ́run á pèsè. Òṣìṣẹ́ náà á ní, “Kò burú, sà, ẹ ṣé.” Àmọ́ ohun tí wọ́n dín kù fún Màmá, ọrẹ ni; ohun tí wọ́n dín kù fún òṣìṣẹ́, gbèsè ni.

Ọ̀gá yìí kan náà ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú ọmọbìnrin tó ń bá a tajà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Peckham. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ìwé tó sọ iye owó, wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ láti ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n gbé owó wákàtí kan fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 sí £12.21, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ san dín. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ 28 lọ́dún tí wọ́n máa sanwó rẹ̀ fún un. HMRC, iléeṣẹ́ owó orí wọn, gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa owó oṣù náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá san án, bí kò bá tiẹ̀ ṣáájú. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á tún san National Insurance, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá lé ní £5,000 lọ́dún. Bí owó òṣìṣẹ́ bá tó iye tí òfin là sílẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì náà ń bọ̀, ọ̀gá á sì dá ó kéré tán ìdá 3 níbẹ̀. Ẹ̀rù ìtanràn ló ń mú wọn ṣe é, mo mọ̀. Ẹ̀rù náà ṣáà ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ti ẹni tó wà ní Ìbàdàn ńkọ́? “Ẹni wa ni,” ni èsì tí mo sábà máa ń gbọ́. Wọ́n rò pé kò sí òfin kankan tó kan ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì jàre lápá kan: òfin owó oṣù tó kéré jù ní Britain kò dáàbò bo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sí ní Britain rárá. Òfin ibi tí òṣìṣẹ́ jókòó sí ló wà lórí rẹ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, èyí tó ti wà láti àwọn ọdún 1970, ní kí ìwé àdéhùn tẹ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí sísan owó má kọjá oṣù kan síra wọn, kí aboyún sì ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 pẹ̀lú ó kéré tán ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ó dára, àbí? Ibi tó ti wọ́ rèé: òfin náà yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àbójútó, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú sílẹ̀. Àwọn tí à ń gbà láti òkèèrè gan-an nìyẹn, oníṣirò owó àti ẹni tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù. Fún irú wọn, ohun tí ẹ̀yin méjèèjì bá kọ sílẹ̀ lẹ máa gbé dé National Industrial Court bí ìjà bá dé. Bí ẹ ò bá kọ nǹkan kan, ẹ máa máa ka ọ̀rọ̀ WhatsApp fún adájọ́ ni.

Ihò inú òfin ilé pọ̀. ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù láti oṣù keje ọdún 2024, ṣùgbọ́n òfin náà yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ọ̀gá dá ìdá 10, kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ló fi dandan mú. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lè gba gbogbo ihò wọ̀nyí kọjá láìfarapa. Owó orí ni kò wo iye òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá ní. Ìjọba ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ń gbà á, bí ọ̀gá òkèèrè kò bá sì yọ ọ́, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ kó lọ sọ iye tó ń wọlé fún un. Ọ̀pọ̀ kì í lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó mú ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta wá ni yóò wá mọ̀ pé lójú ìjọba, òun kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tó tún dùn mí jù ni ti pàṣípààrọ̀ owó. Obìnrin kan tí mo mọ̀ ní Leeds bá ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìlọrin ṣàdéhùn ₦150,000 lóṣù níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Nígbà yẹn, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báńkì, owó ọmọ náà lé ní $300. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,500. ₦150,000 ṣì ń wọlé fún ọmọkùnrin náà lóṣooṣù, kò yingin, ṣùgbọ́n kò tó $100 mọ́. Páùn ni àwọn oníbàárà obìnrin náà fi ń sanwó fún un. Ó rò pé Ọlọ́run ló bá òun dín ìnáwó kù. “Ṣebí ₦150,000 la jọ sọ,” ló wí fún mi, kò sì parọ́. Kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó sọnù ní Ìlọrin, Leeds ló ti yọ.

Èrò tèmi ni pé owó tí ọ̀gá fi ń tajà ni kó fi ṣe àdéhùn. Bó bá ń gba páùn, kó kọ páùn sínú ìwé, kó sì san iye náírà tó bá jẹ́ lọ́jọ́ tó bá ń sanwó. Kí wọ́n tún kọ iye náírà tí kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí náírà bá dìde, olówó ilé òṣìṣẹ́ kò ní dín owó ilé rẹ̀ kù.

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ni mo ti dà, pé bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe kò ní ìwé nínú. Ó tọ́ ká wo ohun tí àwọn bàbá wa ṣe dáadáa. Àwọn olóko kòkó ní Oǹdó àti Ifẹ̀ gba alágbàṣe láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, òṣìṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè pọ́ńbélé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbowó títí ọdún á fi parí tí wọ́n á ta kòkó. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣe é. Àmọ́ inú oko kan náà ni ọ̀gá àti alágbàṣe ń gbé, ọ̀gá ló ń bọ́ ọ, bó bá ń wúkọ́ lóru, ọ̀gá á gbọ́. Bí ọ̀gá bá rẹ́ ẹ jẹ, gbogbo abà ló máa mọ̀. Ojú tó ń rí ojú ló dúró ní ipò ìwé. Ní Britain, ọ̀gá lè má mọ orúkọ ọmọ rẹ, ṣùgbọ́n ìwé wà. Àwa tí à ń gbani síṣẹ́ láti òkèèrè ni a fi ìwé sílẹ̀ sí Peckham, tí a kò sì sí ní tòsí láti gbọ́ ikọ́.

Ìrẹsì Kérésì, owó ìsọmọlórúkọ àti yíyá òṣìṣẹ́ lówó láìgba èlé, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni dáwọ́ wọn dúró. Ó wù mí kí àwọn ọ̀gá òyìnbó kọ́ wọn. Kí wọ́n ṣáà máa bọ̀ lẹ́yìn tí owó oṣù bá ti pé.

Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Deel àti Remote wà tí wọ́n máa ń di agbanisíṣẹ́ lórúkọ rẹ ní ìlú tó ò sí, tí wọ́n á bójú tó ìwé, owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Fún ilé iṣẹ́ ńlá, ó dáa. Fún alátajà tó ní òṣìṣẹ́ kan, owó tí wọ́n ń gbà lè ju owó oṣù òṣìṣẹ́ náà lọ. Lọ́yà kan nílé tó máa kọ ojú ìwé méjì tó ṣe é kà ló máa wúlò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Obìnrin Leeds náà ti kọ tirẹ̀. Ó fi páùn ṣe é, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìsinmi sí i, ó tún fi owó ìfẹ̀yìntì sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fi dandan mú un. Ìdáhùn tó gbà láti Ìlọrin gùn ju ìwé náà lọ. “Àǹtí, ẹ ṣé gan-an ni,” ló fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó máa san owó tí báńkì ń yọ, àti ẹni tó máa ra pẹtiróòlù lọ́jọ́ tí kò bá sí iná. Lítà pẹtiróòlù kan tí kò tó ₦200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ti di ohun tí à ń rà ní ìlọ́po-ìlọ́po iye yẹn. Ti báńkì, obìnrin náà gbà. Ti pẹtiróòlù, ó ní òun á san ìdajì. Ọmọkùnrin náà ní gbogbo rẹ̀ ni kó san, torí iṣẹ́ Àǹtí nìkan lòun fi ń tan jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án. Wọn ò tíì parí ẹ̀.