Ta Ló Ní Ọmọ Ọ̀yọ́ Kò Mọ Ọkọ̀ Ojú Omi?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ fàájì lásán, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni, ìyẹn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí tẹbí-tọ̀rẹ́ ń wọ̀ gbafẹ́ lórí odò ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn wa ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, èsì kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ará Èkó ló ni ìyẹn. Àwa kì í ṣe ọmọ olómi." Wọ́n á ní Ìlàjẹ ló ni omi, Ẹ̀gùn ló ni ín, àti àwọn Ìjẹ̀bú tó wà létí ọ̀sà, pé ti àwa ni ẹṣin, ọ̀dàn àti oko. Èmi kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú èdè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé èdè a máa tọ́jú ohun tí àwọn tó ń sọ ọ́ ti gbàgbé. Kí ni ọkọ̀? Bí ọmọ ìwòyí bá gbọ́ ọ, mọ́tò ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ. Ṣùgbọ́n kí mọ́tò kankan tó ta eruku sí ilẹ̀ wa ni ọkọ̀ ti wà nínú èdè Yorùbá, ohun tí ń léfòó lórí omi ni ó sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Bíbélì èdè Yorùbá tí ìtumọ̀ rẹ̀ parí ní ọdún 1884: ọkọ̀ ni Nóà kàn, kò sì ní táyà. Nígbà tí reluwé dé, a pè é ní ọkọ̀ ojú irin. Mọ́tò dé, ó di ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bàálù dé, ó di ọkọ̀ òfuurufú. Ó wá kù sí ibi pé ọkọ̀ gan-an, tí ó ni orúkọ, ni a ní láti fi "ojú omi" kún kí ó tó yé ẹni tí ń gbọ́. Onílé di àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Àjẹ̀ ni a fi ń wa ọkọ̀ láti ayébáyé; láti inú wíwà yẹn ni a ti rí awakọ̀. Nítorí náà, ọkùnrin tí ń gbé èrò láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lójoojúmọ́, tí kò fẹsẹ̀ kan omi ju èyí tí ó fi ń fọ mọ́tò rẹ̀ lọ, orúkọ oníṣẹ́ odò ló ń jẹ́ láìfura. Àwa tí a ní a kì í ṣe ọmọ olómi yìí náà sì ni à ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí Olúwa mú wa gúnlẹ̀ sí èbúté ayọ̀. Èbúté wo ni ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ lásán ni èyí, ẹ wo ìtàn. Ta ni kò mọ̀ pé Ṣàngó jọba ní Ọ̀yọ́? Ta sì ni àwọn aya rẹ̀? Ọya, Ọ̀ṣun àti Ọbà. Odò ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Odò Ọya ni òyìnbó ń pè ní Niger, odò Ọbà sì rèé nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́. Odò Ògùn, tí a mọ̀ mọ́ Yemọja, apá Ṣakí lókè lọ́hùn-ún ni ó ti ṣẹ̀, ó gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá kí ó tó dé Abẹ́òkúta, kí ó tó wá dà sínú ọ̀sà Èkó. Omi tí ará Èkó fi ń ṣe fàkìà, ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́kọ́ kọjá.

Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń gba orí odò wọ̀nyí kọjá nígbà tí kò sí afárá? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù. Igbá ni wọ́n ń lò. Àwọn òyìnbó oníwàásù tí ó rìn káàkiri ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 1850 sí 1860 ròyìn rẹ̀, ẹnu sì yà wọ́n. Bí òjò bá ti mú kí odò kún, tí kò ṣe é fẹsẹ̀ là, àwọn òmùwẹ̀ yóò wà létí odò tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa kó èrò kọjá. Wọ́n á gbé igbá ńlá kan tí a dé mọ́ra, tí omi kò lè wọnú rẹ̀, sójú omi. Èrò á fi apá méjèèjì gbá igbá náà mọ́ àyà, òmùwẹ̀ á di òdìkejì rẹ̀ mú, á sì máa fi ẹsẹ̀ jan omi títí wọ́n á fi dé òdìkejì odò. Ẹrù náà, igbá ni wọ́n á kó o sí. Òyìnbó tí ó wọ bàtà àti kóòtù ti gbá igbá mọ́ àyà bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí ohun tí ó lè ṣe sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọgbọ́n yẹn dáadáa. Òmùwẹ̀ tí ó ti ń la odò náà láti kékeré kò sọ fún èrò pé, "Má bẹ̀rù, omi yìí kò jìn." Igbá ni ó kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá di igbá mú kò sọdá.

Ọmọ ilẹ̀ wa mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ rántí ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní ọdún 1821. Nígbà tí ó dàgbà, ọkọ̀ elérò-ooru gbé e gòkè odò Ọya ní ọdún 1841, àti 1854, àti 1857. Ìrìn àjò ti 1841 pa òyìnbó púpọ̀, ibà ni ó pa wọ́n. Ní 1854, tí Baikie ṣe olórí wọn nínú ọkọ̀ tí ń jẹ́ Pleiad, wọ́n ń lo oògùn kuníìnì lójoojúmọ́ kí ibà tó kọlù wọ́n, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ó kú. Odò kan náà ni, ìpalẹ̀mọ́ ni ó yàtọ̀. Ní 1857 ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ wọn tí ń jẹ́ Dayspring forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́.

Ó ti tó nípa àtijọ́. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni ní Ọ̀yọ́ bá fẹ́ fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ṣe fàájì, kò di dandan kí ó lọ sí Èkó. Dáàmù Ìkẹ̀rẹ̀ wà lórí odò Ògùn, ní apá Ìsẹ́yìn. Ọdún 1983 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, nígbà ìjọba Shehu Shagari, pé kí ó máa fún àwọn àgbẹ̀ ní omi, kí ó sì máa pèsè iná mànàmáná. Ohun tí a ti retí láti ara rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a ti rí gbà lọ, ṣùgbọ́n adágún náà wà níbẹ̀ rẹrẹ, òkè yí i ká, àwọn apẹja sì ń fi ọkọ̀ sáré lórí rẹ̀. Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́ Àtijọ́, tí ó ní ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ níhìn-ín, wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Mo kó ẹbí mi lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé Àjíǹde kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, ọ̀rẹ́ mi kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ bá wa lọ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, bàbá wa náà sì ní òun kò ní jókòó sílé. Àwa mọ́kànlá ni. Apẹja tí a bá dúnàádúrà ní ọkọ̀ dáadáa, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, mẹ́ta péré ló ní. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bèèrè ìyókù. "Ẹ̀gbọ́n, omi yìí kò le," ni ó wí, "gbogbo yín ni ọkọ̀ yìí gbà lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo ní kò burú, àwa mẹ́ta-mẹ́ta ni yóò máa wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo fẹ́ fi ìbẹ̀rù ba ọjọ́ jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní owó epo yóò di ìlọ́po mẹ́rin, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é. Àwọn ọmọ ni ó kọ́kọ́ lọ, ọ̀kan nínú wọn ń pariwo bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Nígbà tí ó kù kí àwọn tó gbẹ̀yìn wọ ọkọ̀, bàbá wa gbójú sókè, ó wo apá ìlà-oòrùn, ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀." Oòrùn ṣì ń ràn nígbà náà o. Ẹ̀gbọ́n mi bínú. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ìjì fi dé, tí adágún tí ó tẹ́ bí àwo ń ru bí ìkòkò ọ̀ṣẹ. Inú mọ́tò ni a ti ń wò ó.

Èyí ni ó mú mi dé orí ọ̀rọ̀ àsìkò. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn kí wọ́n máa wa ọkọ̀ ní ìgbà ìrúwé, nítorí òtútù ti lọ, omi sì ti yọ́. Àwọn kan ní a kò ní ìgbà ìrúwé níhìn-ín. A ní in. Kí òjò tó dé, lẹ́yìn tí iná ti jó ọ̀dàn tán, ẹ wo igi ẹ̀mí àti ayìn bí wọ́n ṣe ń yọ ewé tuntun. Ṣùgbọ́n ìgbà ìrúwé tiwa ni ìgbà àkọ́rọ̀ òjò, ìgbà tí ìjì Ọya ń ṣí òrùlé. Oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún kì í ṣe ìgbà tí ó yẹ kí a máa fi ọ̀sán ṣeré lórí omi, bí a kò bá lọ ní òwúrọ̀ kí a sì tètè bọ̀. Ìgbà tiwa ni ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá: òjò ti dáwọ́ dúró, adágún kún, ìjì kò sí. Kò sí ìdí tí a fi ní láti fi kàlẹ́ńdà ẹlòmíràn ṣe fàájì wa.

N kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tí ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ lórí odò Ọya, ní agbègbè Pategi ní ìpínlẹ̀ Kwara, wọ ọkọ̀ kan lóru, ọkọ̀ náà kún ju bí ó ti yẹ lọ, ó dà wọ́n nù, àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì kú. Tẹbí-tọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣèré Junior Pope kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lórí odò ní ìpínlẹ̀ Anambra, kò wọ ẹ̀wù amúléfòó. Ìwọ̀n wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn wa ń sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Omi kò dára." Èmi ní omi kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, igbá ni wọn kò gbé lé wọn lọ́wọ́.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tí adágún bá wà lábẹ́ àkóso rẹ̀ rí i pé ọkọ̀ kò kúrò létí omi bí ẹ̀wù kò bá kárí èrò. Èkó ti ní àjọ tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ̀nà orí omi láti ọdún 2008. Kò yẹ kí ìpínlẹ̀ tí ó ní Ìkẹ̀rẹ̀ àti Àṣẹ́jìrẹ́ máa wò. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa sì kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́, kí a má jẹ́ kí ó di nǹkan ọmọ olówó. Àwọn òmùwẹ̀ etí odò Ọbà kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olówó gọbọi.

Èmi ti ń ra ẹ̀wù náà ní méjì-méjì. Ó ti pé mẹ́jọ báyìí. Mẹ́ta ló kù kí a tó padà sí Ìkẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Bàbá wa kò lè pe "láìfù jákẹ́ẹ̀tì", wọ́n ní ó ń kọ́ wọn lẹ́nu. Igbá àyà ni wọ́n ń pè é, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn ju gbogbo orúkọ tí mo ti gbọ́ lọ. Bí ẹ bá ní orúkọ mìíràn fún un ní ìlú tiyín, mo ń retí rẹ̀.