Ìwé Ẹyọ Kan, Ìwé Tí Yóò Sọnù

Ẹ̀yin ará Mowe, Ibafo àti Ifọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti sọ di òfin láàárín wa: pé ìwé tó bá níye lórí, ẹyọ kan ṣoṣo ni kó wà, kó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, kó sì jẹ́ pé baba nìkan ló mọ ibẹ̀. Wọ́n ní bí a bá dà á kọ, olè ti rọ́nà wọlé nìyẹn. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé kan tí gbogbo Yorùbá jogún dán ọ̀rọ̀ yìí wò.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó wà ní Ọ̀yọ́, lo ohun tó lé ní 20 ọdún lórí ìtàn Yorùbá. Ní 1899, wọ́n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé dé ọ̀hún, ìwé di àwátì. Ní 1900, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tọ òǹtẹ̀wé náà lọ. Òǹtẹ̀wé ní òun ò rí i mọ́, ṣùgbọ́n òun ṣe tán láti sanwó rẹ̀. Èló ni wọ́n ń ta 20 ọdún? Ní 1901, Samuel jáde láyé.

Ká ní ẹyọ kan ló wà, ibẹ̀ ni ìtàn ìbá parí sí. Àmọ́ olóògbé ti fi àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ sílẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ kọ kó tó tún un kọ náà sì wà ńlé. Inú wọn ni Obadiah ti tún gbogbo rẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 1916, lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ òkun Appam gbé ìwé kejì yìí, ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun Jámánì dá a lọ́nà nítòsí erékùṣù Madeira. Ẹ gbọ́ orúkọ ọlọ́ṣà náà: Möwe! Orúkọ ẹyẹ etí òkun ni lédè Jámánì, ṣùgbọ́n ará Mowe kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí Möwe bá mú, ńṣe ló ń rì wọ́n. Ti Appam, wúrà inú rẹ̀ ni wọ́n kó, wọ́n wá wà á tèròtèrò lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Ìdìpọ̀ ìwé kò wọ olè lójú. Ó pẹ́ kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ó di 1921 kó tó jáde, Obadiah sì ti kú ní 1920.

Ẹnì kan á ní, “Orí ló yọ ọ́.” Mo gbà, lójú omi, orí ló yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ni orí ìbá rí yọ, bí kò bá sí ìwé tó kù sílé ní 1899? Ẹ wo Àlùfáà Ajayi Crowther. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ l'Ékòó, ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti fi nǹkan bí ọdún 11 kó jọ jóná. Orí kò rí ohun kan yọ níbẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, “Fọ́tókópì ni ọmọ onílẹ̀ fi ń ta ilẹ̀ ẹni lẹ́ẹ̀kejì.” Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kejì kò nílò fọ́tókópì rẹ, ohun tó ń gbàdúrà fún ni pé kí o má rí ohun kankan fi hàn. Bí àgbàrá bá wọ yàrá, tí rìsíìtì àti sọ́fè di ẹ̀kọ, ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ lè ní òun ò mọ̀ ọ́ rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin baba, ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣí àpótí lónìí. Ẹ ya fọ́tò ìwé ilẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sọ́mọ méjì tí kì í gbé ilé kan náà. Ẹ gbé fọ́tókópì kan sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tí omi kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oríkì àti ìtàn ìdílé tó wà lẹ́nu bàbá àgbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu náà tó pa dé. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀kan.