Ìwádìí Tí A Kò Tíì Tẹ̀ Jáde Nínú Ìwé Ìwáṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń kó ìdààmú bá àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Bí wọ́n bá fẹ́ wá iṣẹ́, wọn yóò kọ ìwé tí ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n lọ, oyè tí wọ́n gbà àti iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Ǹjẹ́ ó yẹ kí wọ́n kọ ìwádìí tí jọ́nà kankan kò tíì tẹ̀ jáde sínú rẹ̀? Àwọn kan ní kò yẹ rárá. Èrò tèmi ni pé ó yẹ, bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá lè sọ òtítọ́ nípa ibi tí iṣẹ́ náà dé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn alátakò. Wọ́n ní jọ́nà a máa fi iṣẹ́ ìwádìí han àwọn onímọ̀ mìíràn kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, ẹnu lásán ni. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí a fi gba oyè kì í ṣe ẹnu lásán. Olùkọ́ ti bójú tó o, àwọn olùdánwò ti kà á, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní yunifásítì. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè béèrè fún un kí ó wò ó.

Yàtọ̀ sí èyí, títẹ ìwé jáde máa ń pẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí gírámà Yorùbá ní Yunifásítì Edinburgh ní 1963, ṣùgbọ́n 1966 ni ìwé rẹ̀, A Grammar of Yoruba, tó jáde. Ṣé a ó wá sọ pé ìmọ̀ náà kò sí láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni? Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà gbà tó oṣù 8. Ọmọ tí ó ń wá iṣẹ́ kò lè bẹ ebi pé kí ó dúró de jọ́nà.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún yín. Nígbà kan, mo wà lára àwọn tí ó ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn awáṣẹ́ lẹ́nu wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ ọ́ pé jọ́nà kan ti tẹ iṣẹ́ òun jáde. A béèrè ọdún àti ojú-ìwé tí ó wà. Òógùn bò ó. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ránṣẹ́ ni. Iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Bí ó bá ti sọ ọ́ bí ó ti rí, à bá gbà á. Irọ́ kékeré náà ni ó pa á lára.

Nítorí náà, ẹ kọ àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ àkọlé tiwọn, kí wọ́n má baà dàpọ̀ mọ́ èyí tí ó ti jáde. Bí ẹ bá ṣì ń kọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ tí èsì kò tíì dé, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì dárúkọ jọ́nà náà. Ìgbà tí wọ́n bá fi lẹ́tà gbà á ni ẹ lè dárúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá bá ẹlòmíràn ṣe é, ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún pẹ̀lú. Kí ẹ̀dà iṣẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ yín, nítorí wọ́n lè béèrè rẹ̀. Èyí tí ẹ kàn ń rò lọ́kàn, tí ẹ kò tíì kọ ojú-ìwé kan nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Aboyún kì í sọ pé òun ti bímọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò pè é ní àgàn. Bí ọ̀rọ̀ ìwádìí tí kò tíì jáde ti rí gan-an nìyí. Ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín pamọ́, ẹ má sì bù mọ́ ọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.