Ìbejì Ìgbó-Ọrà àti ìwé àyẹ̀wò họ́mónù: ta ló ń yẹ òṣùwọ̀n wò?

Láti ọdún 2018 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ìbejì ní Ìgbó-Ọrà, oṣù Ọ̀wàrà ni àwọn àlejò máa ń ya wọ ìlú náà. Táíwò àti Kẹ́hìndé á wọ aṣọ kan náà, látorí ọmọ ọwọ́ dórí àgbàlagbà, àwọn oníròyìn náà á gbé kámẹ́rà wọn dé. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi àwọn ìyá ìbejì: kí lẹ̀ ń jẹ? Ìdáhùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọbẹ̀ ilasa ni. Àmàlà láfún ni. Omi ìlú wa ni. Àwọn mìíràn á ní ti ìdílé àwọn ni, pé ìyá àwọn bí ìbejì, ìyá tó bí ìyá àwọn náà sì bí i.

Nínú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí, èyí tó kẹ́yìn yẹn ló sún mọ́ ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àyẹ̀wò ọ̀hún kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é.

Dókítà tó kọ́kọ́ kà á

Ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera ìgbèríko sílẹ̀ ní Ìbàràpá, tí wọ́n sì fi Ìgbó-Ọrà ṣe ibùdó rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń wá gbé láàárín àwọn ará ìlú, wọ́n sì ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Dókítà P. P. S. Nylander, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìbímọ nílé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, jókòó ti ọ̀rọ̀ ìbejì. Kò kọ́kọ́ béèrè oúnjẹ. Kíkà ló kọ́kọ́ kà á: ìbí mélòó, ìbejì mélòó nínú wọn?

Àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń tọ́ka sí títí dòní ni pé nínú ìbí 1,000 lápá ibí yìí, bíi 45 sí 50 ló ń jẹ́ ìbejì. Lórílẹ̀-èdè Japan láyé ìgbà yẹn, bíi 6 péré ni.

Ìkà náà tún fi ohun kan hàn. Oríṣi ìbejì méjì ló wà. Àwọn kan ń jáde láti ara ẹyin kan ṣoṣo tó pín sí méjì, àwọn tí wọ́n jọra débi pé ìyá wọn gan-an lè ṣì wọ́n pè. Iye àwọn yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ níbikíbi láyé, bíi 4 nínú 1,000 ni. Àwọn yòókù ń wá láti ara ẹyin méjì tí obìnrin tú sílẹ̀ lóṣù kan náà. Àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ rẹpẹtẹ ní Ìgbó-Ọrà. Ìdí nìyí tí ìbejì akọ àti abo fi wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè náà wá di kékeré, ó sì wá ṣe é dáhùn: kí ló ń mú kí ara obìnrin tú ẹyin méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Lára ohun tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni họ́mónù kan tí àwọn dókítà ń pè ní FSH. Iṣẹ́ FSH lára obìnrin ni láti jí ẹyin kó lè gbó. Ẹyin bíi mélòó kan ló máa ń jí pa pọ̀ lóṣù, àmọ́ FSH á lọ sílẹ̀ kí gbogbo wọn tó gbó, ọ̀kan ṣoṣo á sì borí. Bí FSH bá pọ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹyin kejì lè rí ààyè gbó.

Nylander gba ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin, ó sì wọn họ́mónù yìí nínú rẹ̀. Ọdún 1973 ló tẹ èsì rẹ̀ jáde: FSH àwọn tó ti bí ìbejì pọ̀ ju ti àwọn tí kò bí i rí lọ, àwọn tó ti bí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni tiwọn sì pọ̀ jù. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ tó yẹ àbùdá ìdílé àwọn ìyá ìbejì láàárín àwọn aláwọ̀ funfun wò rí ibi méjì tí àbùdá wọn ti yàtọ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì tó ń ṣe FSH gan-an. Wọn ò dé Ìgbó-Ọrà, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n já sí.

Ilasa wá ńkọ́? Àwọn kan ti dábàá pé iṣu ní nǹkan kan nínú tó jọ họ́mónù obìnrin, kò sì burú láti wádìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ń jẹ àmàlà. Ẹni tó bá sọ pé oúnjẹ ni, òun ló yẹ kó wọn FSH àwọn obìnrin kan kí wọ́n tó jẹ ẹ́ àti lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́, kó sì wọ̀n ọ́n dáadáa.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyẹn. Kí ni wọ́n ń pè ní wíwọ̀n dáadáa?

Bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tí ojú kò rí

FSH inú ẹ̀jẹ̀ kéré débi pé kò sí òṣùwọ̀n tó lè gbé e. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n lo àwọn ọmọ ogun ara, ìyẹn áńtíbọ́dì, láti mú un. Ará Amẹ́ríkà méjì, Rosalyn Yalow àti Solomon Berson, ló ṣí ọ̀nà náà ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960 nígbà tí wọ́n ń wádìí ìtọ̀ ṣúgà. Yalow gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 1977, Berson ti kú nígbà yẹn. Ohun tó ń tú ìtànṣán, irú èyí tó ń béèrè ìṣọ́ra gidi, ni wọ́n fi ń ṣe é. Lọ́dún 1971 ni àwọn onímọ̀ ní Sweden àti Netherlands fi nǹkan tó ń pa àwọ̀ dà rọ́pò ìtànṣán. Látìgbà náà ni àyẹ̀wò yìí ti di ohun tí wọ́n ń dì sínú páálí, tí wọ́n ń pè ní kíìtì, tí láàbù kékeré náà lè rà.

Ẹ jẹ́ ká wo inú páálí náà. Àwo ike pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó ní ihò kéékèèké 96. Wọ́n ti lẹ áńtíbọ́dì mọ́ ìdí ihò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kán omi ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà sí i, áńtíbọ́dì á di FSH mú. Wọ́n á da áńtíbọ́dì kejì lé e, èyí tó gbé nǹkan apàwọ̀dà lọ́wọ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá wá da omi àwọ̀ sí i, ihò tí FSH bá pọ̀ nínú ẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ á dúdú jù. Ẹ̀rọ á ka àwọ̀ náà. Nínú páálí kan náà, wọ́n á fi ìgò mélòó kan sí i tí wọ́n ti mọ iye FSH inú wọn. Ara àwọn yẹn ni wọ́n fi ń mọ iye tó wà nínú ti aláìsàn.

Ẹni tó bá ti tọ̀ sórí páálí pẹlẹbẹ tó rà ní kẹ́mísì láti mọ̀ bóyá òun lóyún, irú àyẹ̀wò kan náà ló ṣe yẹn. Họ́mónù mìíràn ni tiẹ̀ ń wá.

Ọ̀rọ̀ wá dà bíi kóńgò ọjà. Gbogbo oníṣòwò ló ní kóńgò, gbogbo wọn ló sì ń wọn gàrí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra gàrí rí mọ̀ pé ìdí kóńgò kan lè ti wọ inú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní FSH tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n àgbáyé, tí àwọn tó ń ṣe kíìtì ń wò kí wọ́n tó ṣe tiwọn. Síbẹ̀, áńtíbọ́dì ilé-iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Omi ẹ̀jẹ̀ kan náà lè fún kíìtì kan ní 8, kó fún òmíràn ní 10, kí méjèèjì má sì parọ́. Ìdí nìyẹn tí láàbù fi gbọ́dọ̀ tẹ iye tó bójú mu fún kíìtì tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì. Ìwé èsì tó kàn kọ 8 sílẹ̀, tí kò sọ nǹkan mìíràn, kò tíì sọ nǹkan kan.

Orúkọ kan, ìtumọ̀ méjì

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán lèyí ní Ìbàràpá. Ẹni tó ń wá ọmọ ní Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ayétẹ̀ tàbí Ìdèrè, àyẹ̀wò FSH wà lára ohun tí wọ́n máa ń kọ fún un láti ṣe. Ní ìlú tí ìbejì ti pọ̀ tó báyìí, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tí kò tíì bí ọ̀kan ṣoṣo máa ń le. Ìwé èsì tó bá gbé wálé lè di ẹjọ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ.

Ibi tó sì ti léwu jù nìyí. FSH tó ga díẹ̀ ni wọ́n rí lára ìyá ìbejì. Ṣùgbọ́n FSH tó ga gan-an lára obìnrin tó ń wá ọmọ sábà máa ń ní ìtumọ̀ mìíràn pátápátá: ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ ń pe ilé ẹyin, ilé ẹyin ò dáhùn, ni ẹṣẹ́ náà bá ń pariwo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù obìnrin, iye tí ọ̀pọ̀ kíìtì máa ń fún ẹni tí ilé ẹyin rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa kì í sábà kọjá 10. Bó bá ń wọ 25 lọ sókè léraléra, ó lè jẹ́ pé ẹyin ti ń tán. Ẹni tó bá gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìbejì ni FSH tó ga, tó wá ń yọ̀ nítorí 30, ti ṣi ìwé kà. Àsìkò tó yẹ kó wà níwájú dókítà ni yóò fi máa retí ìbejì.

Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà ṣe kókó. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbà á. FSH máa ń ga sókè fúnra rẹ̀ láàárín oṣù nígbà tí ẹyin bá fẹ́ jáde, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́jọ́ náà lè kó ìpayà bá ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáká. Abẹ́rẹ́ àti oògùn ìfètòsọ́mọbíbí náà máa ń fa FSH wálẹ̀. Kódà, fítámì biotin tí àwọn obìnrin ń lò kí irun àti èékánná wọn lè dára lè da àwọn kíìtì kan rú, kí FSH máa fara hàn bíi pé ó kéré. Àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ lórí biotin yìí lọ́dún 2017. Láàbù tí kò bá béèrè ìbéèrè kankan kó tó fa abẹ́rẹ́ yọ, ẹ fura sí i.

Àwọn kan ò tiẹ̀ dúró de àyẹ̀wò. Kẹ́mísì ni wọ́n ń gbà lọ láti ra Clomid, nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń fúnni ní ìbejì. Òótọ́ ni pé oògùn náà ń mú kí ara tú FSH síta sí i, ó sì ń fi kún ìbejì. Àmọ́ ó lè mú kí ilé ẹyin wú, oyún ìbejì fúnra rẹ̀ sì lè di ìbímọ tí kò pé oṣù. Oògùn tí dókítà ń fi ojú ṣọ́ nìyẹn.

Ọkọ wá dà nínú gbogbo èyí? FSH wà lára ọkùnrin náà, òun ló ń ran àtọ̀ lọ́wọ́ láti pọ̀. Lọ́dún 2023, WHO ní bíi ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ló máa ń ní ìṣòro àìrọ́mọbí nígbà kan láyé rẹ̀, wọn ò sì sọ pé obìnrin nìkan ni. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìyàwó lẹ́ẹ̀mẹta láìtíì yẹ àtọ̀ ọkọ wò lẹ́ẹ̀kan, owó àti àsìkò ló ń ṣòfò.

Kẹ̀kẹ́ Awojobi àti fíríìjì

Èrúwà mọ̀ nípa ọgbọ́n orí. Olóògbé Dókítà Oluyombo Awojobi, oníṣẹ́ abẹ tó dé ìlú náà lọ́dún 1983, tó sì kú lọ́dún 2015, fi àgbá kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ pòyì, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó. Kò nílò iná mànàmáná. Àwọn àlejò láti òkè òkun máa ń wá wò ó.

Ṣùgbọ́n kíìtì họ́mónù kì í ṣe ohun tí kẹ̀kẹ́ lè gbà là. Ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ló gbọ́dọ̀ wà láti ilé-iṣẹ́ tó ti jáde títí di ọjọ́ tí wọ́n lò ó. Gbogbo ará Ìbàràpá ló mọ bí iná ṣe ń ṣe. Bí fíríìjì bá ti kú fún ọjọ́ mẹ́ta, áńtíbọ́dì inú rẹ̀ lè ti rọ. Páálí ò ní yí padà, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ò ní tíì pé, àyẹ̀wò náà á sì mú iye kan jáde, torí ẹ̀rọ kì í sọ pé òun ò mọ̀. Láàbù tó mọṣẹ́ máa ń fi ìgò àyẹ̀wò, tí wọ́n ti mọ iye inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, sáàárín ti àwọn aláìsàn lójoojúmọ́. Bí ti ìgò yẹn bá ti ṣì, wọn ò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní èsì lọ́jọ́ náà. Owó nìyẹn náà ń jẹ, torí ẹ̀ ni àwọn kan fi ń fò ó.

Àwọn tí òfin fún níṣẹ́ náà wà. Láti ọdún 2003 ni òfin ti gbé e lé ìgbìmọ̀ MLSCN lọ́wọ́ láti máa mójú tó àwọn oníṣẹ́ láàbù, kí wọ́n sì tún mójú tó àwọn kíìtì tí wọ́n ń kó wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ilé ìwòsàn ní Ìgbó-Ọrà àti Èrúwà. Bí owó bá wà fún àgọ́ àti gbohùngbohùn lóṣù Ọ̀wàrà, kò yẹ kó ṣòro láti rí owó panẹ́ẹ̀lì oòrùn fún fíríìjì láàbù kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàràpá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní báyìí ná, ohun tí ẹni tó ń lọ ṣe àyẹ̀wò lè béèrè kò ju mẹ́rin lọ. Ọjọ́ kelòó nǹkan oṣù mi la wà yìí? Kíìtì wo lẹ fẹ́ lò, iye wo ló sì pè ní èyí tó bójú mu? Ṣé ẹ ti yẹ ìgò àyẹ̀wò yín wò lónìí? Ìgbà wo ni kí ọkọ mi náà wá?