Ọ̀dà Páúdà Kì í Ṣe Non-stick

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó ń kun géètì àti àga irin ló ń kọ́ oníbúrẹ́dì lọ́gbọ́n: "Ọ̀dà páúdà náà ni non-stick. Òyìnbó kàn ń fi orúkọ gbowó ni. Tiwa tiẹ̀ nípọn jù. Gbé páànù búrẹ́dì rẹ wá, mo máa kùn ún, búrẹ́dì ò ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́ láé." Oníbúrẹ́dì sì ń mi orí! Ó tó gẹ́ẹ́.

Mo gbà pé ọ̀dà páúdà ń dán, ó sì le. Ẹ fi kun géètì, férémù fèrèsé àti rímù mọ́tò, n kò ní bá yín jà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé ìdí ààrò. Ike tí wọ́n lọ̀ kúnná ni ọ̀dà yìí, polyester tàbí epoxy. Ìbọn oníná mànàmáná ni wọ́n fi ń fọ́n ọn sára irin, iná náà ló sì ń fà á mọ́ irin. Lẹ́yìn náà ni irin á wọ ààrò tó gbóná tó 180 sí 200°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 20, kí ọ̀dà lè yọ́, kó ṣàn pọ̀, kó sì gan. Ẹ di ìwọ̀n ooru yẹn mú o. Ààrò búrẹ́dì ń gbóná tó 200 sí 230°C. Ooru tó mú ọ̀dà náà jinná, òun náà lẹ tún fẹ́ fi máa sè é láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí ọdún á fi yípo! Kò ní yọ́ mọ́ lóòótọ́. Á pọ́n, á gbó, á sán, á wá máa ṣí bí èèpo. Inú búrẹ́dì ta ni èèpo yẹn máa bọ́ sí?

Non-stick ńkọ́? PTFE ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, èyí tí Roy Plunkett ṣèèṣì rí ní ilé-ìwádìí DuPont ní New Jersey lọ́dún 1938, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Teflon. Kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó 327°C, ó sì lè wà nínú 260°C títí láìyí padà. Dídán kọ́ ni kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn. Fluorine ló yí carbon inú rẹ̀ ká, ó dì í mú pinpin, kò fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹ̀fun tàbí òróró láti so mọ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ irin! Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ iyanrìn lu irin náà kó lè rí ṣákaṣàka, kí wọ́n sì fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tẹ́ ẹ. Polyester ò ní ìwà yìí rárá. Ẹ da ìyẹ̀fun pípò lé e, ẹ yan án, kẹ́ ẹ wá lọ wá ọ̀bẹ tẹ́ ẹ máa fi ha á.

Àwọn kan á ní non-stick míì náà jẹ́ páúdà, pé irú ìbọn kan náà ni wọ́n fi ń fọ́n PFA, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èlùbọ́ àti sìmẹ́ǹtì náà kúnná bákan náà, ẹ ro méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́.

Pé ọ̀dà páúdà nípọn jù? Nínípọn ò gba ooru. Pé èéfín non-stick lè pa ẹyẹ inú ilé? Òótọ́ ni, bí ẹ bá gbàgbé páànù òfìfo sórí iná títí ó fi gbóná rékọjá. Ààrò búrẹ́dì kì í débẹ̀. Pé non-stick wọ́n? Ó wọ́n.

Ẹni tó lówó, kó gbé páànù fún àwọn tó ń fi non-stick tàbí silicone oúnjẹ kun páànù, kó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ kí wọ́n má fi irin ha á. Ẹni tí kò lówó, kó máa fi òróró pa á lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá pé páúdà òun bá oúnjẹ mu, ẹ béèrè ìwé tó bá páálí rẹ̀ wá: iye ooru tó lè gbà lójoojúmọ́, àti bóyá oúnjẹ ni wọ́n ṣe é fún. Bí kò bá rí ìwé mú jáde, ẹ gbé páànù yín.