Wíkì, Kánónì àti Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú ìwé àjọ̀dún ọdún yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú àwọn àgbà kan. Ọ̀rọ̀ wíkì ni. Nígbà tí a dá a lábàá láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ pé kí a kó ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wa sí orí wíkì kan tí olúkúlùkù wa yóò lè ṣàtúnṣe sí, àwọn kan fárígá. Wọ́n ní àwọn mọ ohun tí ń jẹ́ wíkì: ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń lo dátà tán sí, tí wọ́n ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn akọni inú fíìmù tí ìyá kankan kò bí rí. Èrò tiwa yàtọ̀. A gbà pé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ náà ń kọ́ níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó ń wọ́n láàrin àwa tí a ń pe ara wa ní olùtọ́jú ìtàn, a sì gbà pé ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí a lọ kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Wíkì ni ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tí ń kà á lè tún kọ lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún 1995 ni ará Amẹ́ríkà kan, Ward Cunningham, gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ kalẹ̀. Láti inú èdè àwọn ará Hawaii ni ó ti mú orúkọ rẹ̀: 'kíákíá' ni wọ́n ń pè ní wiki, ọkọ̀ tí ń gbé èrò káàkiri pápákọ̀ òfurufú Honolulu ni ó sì ti rí ọ̀rọ̀ náà. Wikipedia tẹ̀lé e ní 2001. Lẹ́yìn èyí ni àwọn olólùfẹ́ ìtàn kan tàbí fíìmù kan bẹ̀rẹ̀ sí í dá ti ara wọn sílẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ Star Wars dá èyí tí wọ́n ń pè ní Wookieepedia sílẹ̀ ní 2005. Àpilẹ̀kọ tí ó wà nínú rẹ̀ lónìí ju 150,000 lọ. Ìfẹ́ ni ó kó àwọn tí ó kọ wọ́n jọ, kì í ṣe owó oṣù.

Ohun kan pa wá lẹ́rìn-ín nígbà tí a wo ibẹ̀. Àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà mọ bí a ti pẹ́ tó lórí ọ̀rọ̀ kánónì: àwọn ìwé wo ni Ìjọ gbà gẹ́gẹ́ bí Ìwé Mímọ́, àwọn wo ni ó fi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ta ni ó sì ní àṣẹ láti pààlà. Ọ̀rọ̀ kan náà gan-an ni ó wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Lucasfilm kéde pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìtàn tí a ti kọ lórí Star Wars kò sí nínú ojúlówó ìtàn mọ́, ó sì sọ wọ́n ní Legends. Àwọn olùtọ́jú Wookieepedia kò torí ìyẹn pa àkọsílẹ̀ wọn rẹ́. Wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì, wọ́n fi àmì sí orí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan kí òǹkàwé lè mọ èyí tí ó wà nínú kánónì àti èyí tí kò sí níbẹ̀. A ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọ tí kò lè fi ìwọ̀nba sùúrù báyìí yanjú ọ̀rọ̀ ìwé orin.

Ọ̀rọ̀ kánónì yìí kò sì ṣàdédé bọ́ sí ọwọ́ àwọn olólùfẹ́ ìtàn. Ní 1911, Ronald Knox, ẹni tí ó di àlùfáà lẹ́yìn náà tí ó sì túmọ̀ Bíbélì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ka àpilẹ̀kọ kan ní Oxford lórí ìtàn Sherlock Holmes tí Arthur Conan Doyle kọ. Ó fi irú irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìsìn ìgbà náà fi ń tú Ìwé Mímọ́ palẹ̀ tú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà palẹ̀. Ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ Holmes fẹ́ràn eré náà, ọ̀rọ̀ kánónì sì wà lọ́wọ́ wọn títí di òní. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá sọ fún yín nínú ilé pé ohun kan kò sí nínú kánónì, ẹ má ṣe jẹ́ kí àyà yín já. Ohun ìní Ìjọ ni ó ń ná.

Ọmọ ìjọ wa kan tí ó wà ní kíláàsì SS 2 ni ó jókòó tì wá tí ó fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà hàn wá lórí fóònù rẹ̀. Kì í ṣe awo. Ó kọ́kọ́ ní kí a forúkọ sílẹ̀, ó sì sọ pé àwọn ọ̀dọ́ kì í lo orúkọ gidi wọn, nítorí gbogbo ayé ni ó lè rí i. Ó wù wá pé kí àwọn òbí gbọ́ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ó mú wa lọ sí ojú-ewé ìdánwò, ibi tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti lè kọ ohun tí ó wù ú láì ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Bí a bá fi àmì àpóstírófì mẹ́ta ṣáájú ọ̀rọ̀ kan, tí a fi mẹ́ta tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ náà yóò dúdú kirimù. Bí ó bá jẹ́ méjì méjì, yóò fì sí ẹ̀gbẹ́. Àmì ìdọ́gba méjì ní iwájú àti ẹ̀yìn sọ ọ̀rọ̀ di àkọlé. Bí a bá sì fi àkámọ́ onígun mẹ́rin méjì méjì ká orúkọ kan mọ́, orúkọ náà yóò di ilẹ̀kùn sí ojú-ewé mìíràn. Bí ojú-ewé náà bá wà, orúkọ náà yóò ní àwọ̀ búlúù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì kọ ọ́, yóò pupa.

A dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ pupa yìí. Ìwé tí àwa kọ́ láti kà kì í fi ohun tí kò mọ̀ hàn. Àkàwé tí a ń kà ní ọjọ́ àjọ̀dún máa ń fò lórí ọdún mẹ́wàá láì sọ pé òun fò ó. Ṣùgbọ́n wíkì ń fi àlàfo rẹ̀ hàn gbangba, ó ń fi àwọ̀ pupa pe ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n pé kí ó wá dí i.

Kí ọmọ náà tó gbà kí a fi àtúnṣe kankan pamọ́, ó béèrè ohun méjì lọ́wọ́ wa: kí a kọ́kọ́ wo bí yóò ti rí, kí a sì kọ gbólóhùn kúkúrú kan tí ó sọ ohun tí a tún ṣe àti ìdí rẹ̀. Gbólóhùn yẹn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti wákàtí tí ó ṣe é, yóò wọ inú ojú-ewé ìtàn àtúnṣe. Ibẹ̀ ni gbogbo bí ojú-ewé náà ti rí rí, láti ọjọ́ tí a ti dá a, wà. Bí aláìníláárí kan bá wọlé tí ó kọ ìsọkúsọ, olùtọ́jú yóò dá a padà sí bí ó ti wà ní àná. Àwọn tí ń bẹ̀rù pé ẹnikẹ́ni lè wá ba ìtàn wa jẹ́ kò tíì ro bí ìtàn wa ti wà nísinsìnyí: nínú àpótí, ẹ̀dà kan ṣoṣo, tí ikán àti òjò ń bá du ú.

Ohun tí ẹ̀dà kan ṣoṣo lè fà kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìtàn àwọn Yorùbá jọ, ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, a sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba fún títẹ̀. Ó sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901 láì fojú rí i gẹ́gẹ́ bí ìwé. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tí ó tún un kọ, 1921 ni ìwé náà tó jáde. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àbúrò náà. Síbẹ̀, ta ni nínú wa lónìí tí ó lè nawọ́ sí ojú-ewé kan kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti Samuel àti èyí tí ó jẹ́ ti Obadiah? Ojú-ewé ìtàn àtúnṣe lásán, irú èyí tí àwọn ọmọ ń lò fún ìtàn fíìmù, ni ìbá sọ ọ́ fún wa.

Ẹ̀kọ́ kejì tí a rí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Olólùfẹ́ fíìmù tí ó bá kọ pé akọni kan ní àbúrò méjì gbọ́dọ̀ sọ apá tí ó ti rí i, tàbí ìwé tí ó ti kà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn yóò yọ ọ́. Lúùkù mímọ́ ṣe iṣẹ́ yìí kan náà kí ó tó kọ̀wé sí Tìófílù, a sì yin àwọn ará Bèríà nítorí pé wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàápàá wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ mẹ́ta jókòó lórí ọdún tí a kọ́ gbọ̀ngàn ńlá ilé-ẹ̀kọ́ wa: ọdún mẹ́ta ni ẹ óò gbọ́, ohùn ẹni tí ó dàgbà jù ni yóò sì borí. A kò sọ pé kí a pa ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà tì. Kí a gbà á sílẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, kí a sì gbé ti ẹlòmíràn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wikipedia kì í gba irú ẹ̀rí yìí, ìwé tí a ti tẹ̀ jáde ni ó ń béèrè. Kì í sì í fẹ́ kí ènìyàn máa kọ nípa ilé tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ní wíkì tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn olólùfẹ́ fíìmù ti ní tiwọn. Ọ̀fẹ́ ni MediaWiki, èyí tí Wikipedia fi ń ṣiṣẹ́, fún ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó.

Ibi tí bàtà ti ń ta àwọn kan lẹ́sẹ̀, a mọ̀ ọ́n. Ojú-ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni. Lẹ́yìn ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ni òmíràn wà tí a ti ń jiyàn lórí ohun tí a kọ, tí olúkúlùkù sì ń fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè kọ sí bíṣọ́ọ̀bù pé, 'Ẹ jọ̀wọ́, sà, a kò rí ẹ̀rí fún èyí.' Àwọn kan nínú wa ka ìyẹn sí àfojúdi. Àwa kò kà á sí bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí 'ẹ jọ̀wọ́, sà' bá ṣáájú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ni wọ́n mọ bí a ti ń to ojú-ewé, àwa ni a mọ ẹni tí ó kó bíríkì àkọ́kọ́. Ìjókòó kan ṣoṣo láàrin wọn àti wa, pẹ̀lú fóònù kan, yóò ṣe ju ìpàdé ìgbìmọ̀ mẹ́ta lọ.

Fún àwọn òbí, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 dá nìkan forúkọ sílẹ̀. Ìpolówó ọjà pọ̀ lórí àwọn wíkì olólùfẹ́ tí ó wà lábẹ́ Fandom, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó yẹ ojú ọmọ. Ẹ sì kọ́ wọn pé dída ọ̀rọ̀ ìwé ẹlòmíràn kọ ní odidi, olè ni, yálà WAEC ń wò ó tàbí kò wò ó.

Ibi tí àwa yóò ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá-àgbà ilé-ẹ̀kọ́. Àwòrán tiwọn ti wà lára ògiri. Ojú-ewé àwọn tí ó se oúnjẹ fún wa ni a fẹ́ dá ní àkọ́kọ́, àti ti bàbá tí ó ń lu agogo, àti ti mẹ́sáńjà tí ó ń gbé lẹ́tà wa wá láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìnagijẹ wọn nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Pupa ni orúkọ wọn yóò wà títí ẹnì kan yóò fi kọ wọ́n. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ àbísọ èyíkéyìí nínú wọn, tàbí ìlú tí wọ́n ti wá, tàbí tí ó ní àwòrán wọn lọ́wọ́, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ọjọ́ ìsìn ìdúpẹ́ tó pé.